Oṣù Kọkànlá La Ṣì Wà

Ìdíje mẹ́sàn-án, ìyà mẹ́jọ.
Ẹyọ kan ṣoṣo tí a jẹ, ọkọ̀ àlejò ló kú sọ́nà Kaunas;
ènìyàn mẹ́fà ló dé, ẹsẹ̀ wọn ti wú.
Ẹ má jẹ́ ká parọ́ fúnra wa.

Èmi ni mo ń nu òógùn kúrò lórí pákó
ní gbọ̀ngàn ìlú wa kékeré létí odò Nemunas.
Bí ọmọkùnrin kan bá ṣubú, tí fèrè dún,
èmi ni mo máa ń sáré wọlé pẹ̀lú ìnulẹ̀ gbọọrọ,
tí mo tún ń sáré jáde kí ẹnikẹ́ni tó rí ojú mi.
Níbi tí mo ti ń bẹ̀rẹ̀ yẹn, mo rí ohun tí ẹ kò rí lókè:
bàtà Domantas tó ti là lẹ́gbẹ̀ẹ́,
orúnkún Rytis tí wọ́n wé ní báńdéjì bí ọmọ tuntun,
àti Kęstutis, kóòṣì wa, tó ń fa ìlà sórí pátákó kékeré,
tó ń pa á rẹ́, tó ń tún un fà,
bí ẹni tí ń kọ lẹ́tà sí ọmọ tí kì í fèsì.

Lálẹ́ àná, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin,
wọ́n ti fi àmì ogún ṣíwájú wa.
Àwọn ènìyàn ti ń wá ẹ̀wù òtútù wọn.
Algimantas alápatà dìde ní ìlà kẹta, ó pariwo:
“Ẹ lé kóòṣì lọ! Ẹ dá ọmọ Latvia yẹn padà síbi tẹ́ ẹ ti rà á!”
Valters gbọ́. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni.
Ó ju bọ́ọ̀lù; kò kan irin, kò kan àwọ̀n,
ó lọ balẹ̀ sórí itan ìyá àgbà Bronė
tó ń hun ìbọ̀sẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ tirẹ̀.
Màmá gbé e wò bí ọ̀dùnkún tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wú,
ó nù ún mọ́ síkẹ́ẹ̀tì, ó nà án sí i.
“Gbà. Tún un jù.”
Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ní sùúrù ni baba ìwà.
Algimantas ní baba yẹn kò ra tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́dún kan
ní ọgọ́rin yúrò. Òótọ́ ló sọ.
Èmi náà kò sọ pé a ó gba ife.
Ife kọ́ ni mò ń wí.

Ní oṣù kẹjọ, àwọn ẹyẹ àkọ̀ kó kúrò lórí òpó iná ẹ̀yìnkùlé wa.
Ìtẹ́ wọn ṣì wà níbẹ̀, wúruwùru,
bí igi ìdáná tó já bọ́ lórí ọmọlanke.
Kò sí aládùúgbò tó gbé àkàbà wá láti tú u dànù.
Wọ́n ní gúúsù ni wọ́n ń lọ, níbi tí oòrùn kì í sinmi;
n kò dé ibẹ̀ rí.
Mo ṣáà mọ̀ pé akọ ló máa ń kọ́kọ́ dé ní oṣù kẹta,
yìnyín a ṣì wà nílẹ̀,
á dúró lórí pàǹtírí yẹn,
á máa fi ẹnu lu ẹnu, kẹ́kẹ́kẹ́kẹ́,
títí a ó fi jí.

Láàárọ̀ yìí, aago mẹ́fà, mo wá ṣílẹ̀kùn gbọ̀ngàn.
Ẹnìkan ti jókòó sórí àtẹ̀gùn, bọ́ọ̀lù lábẹ́ apá.
Ẹ̀rọ amúlé-gbóná kò tíì ṣiṣẹ́; mo rí èémí rẹ̀ bí èéfín.
Mo díbọ́n pé mò ń ka àwọn àga.
Bọ́ọ̀lù tó jù ni mò ń kà:
nínú ogún, mẹ́fà wọlé.
Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mẹ́rin ni.

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo rẹ ìnulẹ̀ sómi.
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago méje, ilẹ̀kùn tó kọjú sódò la ó ṣí.
Algimantas ti pè lẹ́ẹ̀mejì
láti béèrè bóyá a kò tíì ta àga rẹ̀ fún ẹlòmíràn.